Ẹnu inú mi ò sinmi: báwo lèèyàn ṣe ń wo ara rẹ̀ láì ṣe adájọ́ ara rẹ̀?

Aránṣọ_ÒkèFìà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo, ọmọ Òròkí. Mo júbà àgbà, mo kí ọ̀dọ́.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Òkè-Fìà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé tí ọdún bá ti ń sún mọ́ báyìí, aṣọ ẹbí ni yóò máa wọlé ṣáá. Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń dà mí láàmú. Ẹnu kan ló wà nínú mi tí kì í sinmi. Kí n tó gbé àlùmọ́gàjí, á ní, "O máa gé e kúrú o." Bí fóònù bá dún, á ní, "Wọ́n ti fẹ́ wá bú ẹ nìyẹn." Tí mo bá wá fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, ìgbà yẹn gan-an ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka gbogbo ohun tí mo ṣe láti àárọ̀ sí mi létí, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ti ọdún tó ti pẹ́.

Oníbàárà mi kan, bàbá kan tó ti fìgbà kan gbé Íńdíà, sọ fún mi pé kí n má bá ẹnu yẹn jà, kí n má sì gbà á gbọ́. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí n máa wo ohun tó bá ń lọ nínú mi, kí n má pè é ní dáadáa, kí n má pè é ní burúkú. Pé tó bá yá, ìdákẹ́jẹ́ á wọlé fúnra rẹ̀. Mo ti ń ṣe é láàárọ̀ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dé. Ohun tí mò ń rí ni pé màá ká ara mi mọ́ ibi tí mo ti ń bú ara mi, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara mi pé kí ló dé tí mo fi ń bú ara mi. Ẹjọ́ kan á di méjì.

Ìbéèrè mi rèé. Báwo lèèyàn ṣe ń wo ara rẹ̀ láì ṣe adájọ́? Tí n kò bá sì bá ara mi wí mọ́, ṣé n kò ní bàjẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.


Kẹ̀kẹ́_Ọ̀làìyá:
Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ráyè jókòó wo ara rẹ̀ láàárọ̀, kò ní owó tíkẹ́ẹ̀tì tó máa san nìyẹn. Èmi ò nílò kí n dá ara mi lẹ́jọ́, àwọn èrò tó ń wọ kẹ̀kẹ́ mi ń bá mi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Mò ń tẹ̀ lé yín ṣá, mo fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.


Tíṣà_Àná:
Mo fẹ́ kọjá lọ, mo ní rárá, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ta ló ń wo ta? Ọkàn tó ń ṣe wàhálà náà lẹ tún fẹ́ fi ṣọ́ wàhálà? Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi ná.

Lẹ́yìn náà, mo kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ tí kò bá lè bá ara rẹ̀ wí, ará ìta ló máa ń bá a wí, wọn kì í sì í fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú un. Àwọn bàbá wa ní ìwà lẹ̀sìn. Ta ló wá ń tún ìwà ṣe láì kọ́kọ́ sọ pé èyí ò dáa? Ẹnu inú tí ẹ fẹ́ pa yẹn, ẹ̀rí ọkàn ló ń jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn òyìnbó tí ilé ayé ti sú wá ta oorun fún wa.


Ìyá_Aláró:
Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, ojú mi ò gba fóònù mọ́.

Aránṣọ, ọmọ mi, oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tìẹ ni mí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo bá lọ́wọ́ ìyá mi ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun. Láfún la fi ń ro ẹ̀kọ rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ la ó fi máa ti ẹ̀kọ náà yàwòrán sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní lè wọ ibẹ̀. Tí ìlà bá wọ́, wíwọ́ ni yóò wà títí aṣọ yóò fi gbó.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìlà mi kì í tọ́. Ìyá mi ò nà mí. Ó ní, "Fi ìlà sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ ni kó o wò." Mo wo ọwọ́. Mo rí i pé kí ìlà tó wọ́, mo ti di ìyẹ́ yẹn mú pinpin. Mo tún wò ó lọ́jọ́ mìíràn, mo rí i pé kí n tó dì í pinpin, mo ti sé èémí mi mọ́ inú. Kí n tó sé èémí, ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà mí pé wọ́n máa sọ̀rọ̀ sí mi. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n má bẹ̀rù o. Mo ṣáà ń rí i bó ṣe ń bọ̀, ọwọ́ mi sì ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi a máa kọrin lọ ní tirẹ̀, kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Ìgbà tí mo wá lọ́kọ, tí ọkọ mi mú ìyàwó lé mi, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ò mọ sórí ìyẹ́ adìẹ. Ìyàwó mi á kọjá, á kí mi kú iṣẹ́, kókó á ti so nínú mi níbí, lábẹ́ ìhà òsì, kí n tó dáhùn. Màá ní, "Obìnrin burúkú ni mí, òjòwú ni mí." Mo wí i títí, kókó ò tú. Ọjọ́ kan ni mo kàn sọ fún ara mi pé, "Kókó rèé o. Ó ń gbóná. Ó ń gòkè bọ̀ lọ́nà ọ̀fun." Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan lé e. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tó wà nídìí rẹ̀: ẹ̀rù ló ń bà mí pé owó oúnjẹ àwọn ọmọ mi máa kéré sí i. Mo wá lọ bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ owó oúnjẹ láì pariwo, ó sì dá mi lóhùn. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pe ara mi ní òjòwú, mi ò rí ìdí ọ̀rọ̀ yẹn, torí orúkọ tí mo sọ ara mi ti bò ó mọ́lẹ̀.

Èyí tó o pè ní ẹjọ́ kejì yẹn, òun náà ni kó o wò. Má lé e. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.


Aránṣọ_ÒkèFìà:
Ìyá mi, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ "orúkọ tí mo sọ ara mi" yẹn dúró sí mi lọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin yòókù, ohun tó kù tí n kò mọ̀ ni ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá jókòó, kí ni mo máa kọ́kọ́ wò? Inú mi bí ọjà ni, gbogbo wọn ló ń pariwo pọ̀.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Kí n sọ tèmi kí n tó múra iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, èémí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má fà á, ẹ má dá a dúró, ẹ jẹ́ kó máa lọ bó ṣe ń lọ. Ẹ wá ibì kan tẹ́ ẹ ti ń mọ̀ ọ́n lára, imú tàbí ikùn, kí ẹ fi ọkàn síbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ọkàn yóò fi lọ. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Nígbà tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ó ti lọ, mímọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹ wí i lábẹ́lẹ̀ pé "ìrònú" tàbí "ẹ̀rù" tàbí "ìbínú", ọ̀rọ̀ kan péré, kí ẹ padà sídìí èémí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan péré yẹn ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ní 2007, Matthew Lieberman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwòrán ojú tó ń bínú tàbí tó ń bẹ̀rù han àwọn èèyàn, wọ́n sì ń wo ọpọlọ wọn. Nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó bá ojú náà mu, ibì kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ amygdala, tó máa ń ta gìrì tí ohun ẹ̀rù bá dé, á rọlẹ̀. Ohun tí Ìyá Aláró ṣe pẹ̀lú "kókó rèé o" nìyẹn, kò sì dúró de UCLA.

Ẹ má sì rò pé ọkàn yín nìkan ló ń sá kiri. Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ti Harvard lo fóònù láti máa bi àwọn àgbàlagbà 2,250 léèrè láàárín ọjọ́ pé kí ni wọ́n ń ṣe àti pé kí ni wọ́n ń rò. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2010: bí ìdá 47 nínú 100 àwọn ìgbà tí wọ́n béèrè, ọkàn wọn ò sí níbi ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Inú wọn kì í sì í dùn tó ìgbà tí ọkàn bá wà níbi iṣẹ́.

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi dá yín lóhùn. Tí tẹmómítà bá ka 39, 39 ni mo máa kọ sínú ìwé. N kì í gbá aláìsàn létí torí pé ara rẹ̀ gbóná, n kì í sì í kọ 37 kí inú ẹbí rẹ̀ lè dùn. Ìtọ́jú ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ ìtọ́jú tó korò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bínú sí aláìsàn kì í ka tẹmómítà dáadáa. Wíwò láì dájọ́ ò ní kẹ́ ẹ má tún ìwà ṣe. Ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà á bó ṣe wà.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ ọsibítù ni Jon Kabat-Zinn, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní 1979. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ètò náà, àwọn tí ìrora wọn ò lọ bọ̀rọ̀ ló sì kọ́kọ́ ń gbà. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti kọ́ ọ, àwọn yẹn sì ti ń ṣe é láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún. Nítorí náà, Tíṣà, kì í ṣe òyìnbó ló ni ín.


Afà_Òròkí:
Àsàlámù àláékún o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, nǹkan méjì ló wà tí àwọn èèyàn máa ń pò pọ̀. Ọ̀kan ni muhāsaba, ìyẹn kí èèyàn ṣe ìṣirò ara rẹ̀. Wọ́n gbà á lẹ́nu Sàyídínà Umar pé kí á ṣe ìṣirò ara wa kí wọ́n tó ṣe é fún wa. Ọ̀gbẹ́ni kan tiẹ̀ wà tí wọ́n bí ní Basra, tó kú ní Baghdad ní 857, ó ṣe é débi pé orúkọ rẹ̀ di al-Muhāsibī. Ẹjọ́ ni ìyẹn o, mi ò ní fi pa mọ́. Àkókò rẹ̀ dára kó jẹ́ alẹ́, nígbà tí iṣẹ́ òòjọ́ bá ti parí.

Èkejì ni murāqaba. Kí ọkàn wà ní ìjókòó, kó mọ̀ pé Ọlọ́hun ń rí òun ní ìṣẹ́jú yìí gan-an. Ẹni tó mọ̀ pé Ọba tó mọ ìkọ̀kọ̀ ń rí òun, kí ló tún fẹ́ fi pa mọ́ fún ara rẹ̀? Á kàn wò ó bó ṣe rí ni.

Nípa ẹnu inú Aránṣọ, mi ò gbà pẹ̀lú Tíṣà pé ẹ̀rí ọkàn ni. Ẹ̀rí ọkàn máa ń sọ ohun kan pàtó: o pa irọ́ fún lágbájá, lọ tọrọ gáfárà. Ó ní ibi tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tó parí sí, ìyẹn ìrònúpìwàdà, lẹ́yìn rẹ̀ á dákẹ́. Èyí tó ń sọ fún ọmọlúàbí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ pé kò mọ nǹkan kan ṣe, kò mẹ́nu ba ẹ̀ṣẹ̀ kankan, kò fi ọ̀nà àtúnṣe hàn án, ìbànújẹ́ nìkan ló ń gbé wá. Jíjá ọkàn kúrò nínú àánú Ọlọ́hun gan-an, ẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́dọ̀ wa.


Tíṣà_Àná:
Ṣé ẹ rí i? Afà gbà pé ẹjọ́ wà, ẹjọ́ alẹ́. Ọ̀rọ̀ tẹmómítà náà wọlé díẹ̀. Ìyàtọ̀ tí Afà fà sáàárín ẹ̀rí ọkàn àti èébú, mo fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí ọ̀bẹ àti èèkù o.


Akẹ́kọ̀ọ́_Ìrònú:
Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Ará Íńdíà kan wà tó ń jẹ́ Jiddu Krishnamurti, wọ́n bí i ní 1895. Àwọn ẹgbẹ́ kan tọ́ ọ dàgbà pé òun ni yóò jẹ́ olùkọ́ gbogbo ayé, wọ́n dá ẹgbẹ́ ńlá sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní 1929, ní Ommen ní ilẹ̀ Netherlands, ó dìde níwájú wọn, ó sì tú ẹgbẹ́ náà ká. Láti ìgbà náà títí tó fi kú ní 1986, orí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí ló ń sọ̀rọ̀ lé.

Ohun tó sọ sún mọ́ òwe yín gan-an sà. Ó ní ẹni tó ń wo ìbínú àti ìbínú tó ń wò, ohun kan náà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ pé inú ń bí mi. Lẹ́yìn náà "èmi" kan jáde, ó ní, "Ìbínú yìí ò dáa, mo gbọ́dọ̀ borí rẹ̀." Ìrònú ló bí "èmi" yẹn bó ṣe bí ìbínú, ìjà tí wọ́n bá jọ ń jà kò lè parí. Nítorí náà, òótọ́ lẹ sọ, ọ̀bẹ ò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Tí èèyàn bá rí i pé kò lè ṣe é, á jáwọ́ nínú gbígbẹ́. Ìjà á tán. Ibẹ̀ ni Krishnamurti ní ìdákẹ́jẹ́ ti ń wá, a kì í fi agbára mú un wá.

Èmi fúnra mi ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Ó ní kò sí ọ̀nà, kò sí olùkọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ti ìlú dé ìlú bọ̀ wá kọ́ àwọn èèyàn.


Tíṣà_Àná:
Ọmọ yìí fi òwe mi lù mí. Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó.


Ọmọ_Ìjọ_ÒkèBaálẹ̀:
Mo fẹ́ sọ èyí fún àwọn Kristẹni tó ń kà á tí ẹ̀rù ń bà. Ní ìjọ wa, wọ́n ń sọ pé ẹni tó bá sọ ọkàn rẹ̀ di òfìfo ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀mí àìmọ́. Ó ti kọ mí lóminú rí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọkàn di òfìfo nínú gbogbo ohun tí mo kà lókè yìí. Wọ́n ní kẹ́ ẹ wo ohun tó kún inú rẹ̀ ni.

Àwọn bàbá ìjọ àtijọ́ sì ṣe é. Evagrius, tó jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì, tó kú ní 399, ka oríṣi èrò mẹ́jọ tó máa ń yọ àwọn tó dá gbé lẹ́nu: ọ̀kánjúwà oúnjẹ, ìṣekúṣe, ìfẹ́ owó, ìbànújẹ́, ìbínú, ìkáàárẹ̀ ọkàn, ògo asán àti ìgbéraga. Ó gbà pé ẹ̀mí èṣù ló ń gbé wọn wá. Síbẹ̀, ó ní kí ajẹ́jẹ̀ẹ́ máa ṣàkíyèsí wọn fínnífínní: èwo ló máa ń wá lemọ́lemọ́, èwo ló ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni wọ́n ń wá, èwo ló máa ń tẹ̀ lé èwo. Nínú àwọn mẹ́jọ yẹn, èyí tí mo mọ̀ jù ni ìkáàárẹ̀ ọkàn. Ọ̀sán gangan ló sọ pé ó máa ń dé, tí ajẹ́jẹ̀ẹ́ á máa yọjú wo oòrùn bóyá àkókò oúnjẹ ti tó. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí mọ ìyẹn.

Èmi máa ń ṣe tèmi kí n tó gbàdúrà. Orin Dáfídì 46, ẹsẹ 10, ní ká dúró jẹ́ẹ́. Mo ti ń ka ẹsẹ yẹn láti kékeré, mi ò dúró rí.


Kẹ̀kẹ́_Ọ̀làìyá:
Ẹ gbọ́ o. Mo dán an wò.

Mo wà ní Ọ̀làìyá lónìí, èrò mẹ́ta lẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkọ̀ ò lọ. Arákùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì gbá orí kẹ̀kẹ́ mi gbàà. Mo ti sanwó láàárọ̀! Mo wá rántí Ìyá Aláró. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó." Kò sírọ́, mo rí i. Ooru kan gbéra lẹ́yìn ọrùn mi, ó gba etí lọ. Ọwọ́ mi lórí ìdarí kẹ̀kẹ́ le bí igi. Èébú kan ti dé ẹnu mi, mo mọ̀ ọ́n, èyí tí mo máa ń bú ìyá wọn ni. Mo rí òun náà níbi tó dúró sí.

Mo ṣì bú u. Ṣùgbọ́n mi ò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni, wo tíkẹ́ẹ̀tì níwájú ẹ." Ó wò ó, ó kọjá lọ. Ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Dẹ́rẹ́bà, ara yín ò yá ni lónìí?"

Ṣé mo pàdánù nìyẹn àbí mo yege?


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ẹ ń béèrè máàkì lọ́wọ́ wa. Ìyẹn náà ni kẹ́ ẹ wò 😄


Àǹtí_Ìgbóná:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn adigunjalè ti dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà, tí mo bá ti dijú tí ilé sì dákẹ́, ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ló ń padà wá. Mo gbìyànjú ohun tẹ́ ẹ sọ lánàá. Àyà mi ń já, mo làágùn, mo ń gbọ́ ohùn wọn. Ṣé kí n máa wò ó lọ bẹ́ẹ̀ ni?


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Rárá, àǹtí mi. Ẹ dúró ná. Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ohun tójú yín rí.

Irú ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá nìkan jókòó tì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé jíjókòó dijú máa ń mú tiwọn le sí i, àwọn tó ń kọ́ni ní nǹkan yìí náà mọ̀. Tó bá tún dé, ẹ la ojú yín sílẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí ẹ máa dárúkọ ohun tẹ́ ẹ rí nínú yàrá sókè: àga rèé, fèrèsé rèé, bàtà ọmọ mi rèé. Ẹ pe ẹnì kan sọ́dọ̀. Kí ẹ sì lọ sí ọsibítù ńlá, kí ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìlera ọpọlọ. Kì í ṣe wèrè ni wọ́n ń tọ́jú nìkan níbẹ̀. Láti 1954 ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláìsàn ní ọsibítù Aro l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn nígbà náà. Kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá sọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba èèyàn fún yín.


Ìyá_Aláró:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rù ojú ọ̀nà kì í ṣe ohun àdágbé. Tètè lọ.


Ará_Ìbàdàn:
Ẹ kú àlàáfíà o, ará Òṣogbo. Ṣé Igbó Ọ̀ṣun yín ò dáa fún irú nǹkan báyìí? Mo ní kí n wá jókòó síbẹ̀ níjọ́ kan.


Kẹ̀kẹ́_Ọ̀làìyá:
Ẹ wá o. Ẹ má gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání ṣá. Ọ̀bọ ibẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ yín, gbogbo ìdákẹ́jẹ́ yín á bá a lọ.


Akẹ́kọ̀ọ́_Ìrònú:
Ẹ má wá nínú oṣù kẹjọ, àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, tó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ lẹ ń wá. Láti 2005 tí UNESCO ti kọ igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, èrò ń wọ́ wá láti òkè òkun. Láwọn oṣù yòókù, àárọ̀ kùtùkùtù dáa, lábẹ́ àwọn igi ńlá yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olóòrìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí jọ mọ.


Ìyá_Aláró:
Mo máa ń dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n omi Ọ̀ṣun ti pọ́n, àwọn tó ń wa góòlù lókè lọ́hùn-ún ti rú u. Bí mo bá dúró létí odò, inú mi máa ń ru. Mo ń wo ìbínú yẹn, mi ò bá a jà. Mo ṣì fẹ́ kí ìjọba lé wọn kúrò níbẹ̀, màá sì sọ ọ́ ní gbangba ibi tí wọ́n bá ti bi mí. Tíṣà, ẹ ò rí i pé wíwò ò pa ẹnu mi mọ́.


Tíṣà_Àná:
Ẹ ṣeun, Ìyá. Ohun tí mò ń bẹ̀rù látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé a ó kàn máa wo ìyà bó ṣe ń jẹ wá.


Aránṣọ_ÒkèFìà:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Kí n sọ bó ṣe ń lọ.

Ẹnu náà ò lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan díẹ̀ nípa rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, èjìká mi ọ̀tún á ti kọ́kọ́ gòkè bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbá mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ohùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ohùn tèmi. Ohùn ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni, títí kan "ìwọ yìí" tó fi máa ń pè mí. Ọ̀gá náà ti kúrò ní Òṣogbo tipẹ́. Kò yà mí lẹ́nu tó bó ṣe yẹ, ó jọ pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mi ò kàn wò ó ni.

Lánàá mo gé lééṣì kan tó wọ́n gan-an. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, èmi náà ń gé lọ. Àwa méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Láàárín ìgbà tí èjìká ń gòkè àti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń jáde, àlàfo kékeré kan wà tí kò sí ariwo nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni bàbá yẹn ń pè ní ìdákẹ́jẹ́. Kékeré ni, mi ò fẹ́ parọ́.


Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ẹ má fẹ̀ ẹ́, ẹ má sì dín in kù. Mo ń lọ síbi iṣẹ́.


Tíṣà_Àná:
Aránṣọ, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Nípa iṣẹ́, mo ní gíníì kan nílé, márùn-ún yáàdì. Bùbá, ṣòkòtò àti agbádá ni mo fẹ́. Ṣé ẹ lè bá mi rán an kí ọdún tó dé? Ẹ ò ní sọ pé rárá fún àgbà.


Aránṣọ_ÒkèFìà:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Rárá ni o. Mi ò gba iṣẹ́ mọ́ títí ọdún á fi kọjá. Márùn-ún yáàdì ò sì lè yọ agbádá, ẹ fi yáàdì márùn-ún mìíràn kún un kẹ́ ẹ tó gbé e wá ní oṣù kìn-ín-ní.